Samuel Johnson: Àlùfáà tó fi ogún ọdún kọ ìtàn Yorùbá, tí wọ́n sì sọ ọ́ nù n'Ílùú Òyìnbó

Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ Kúrunmí Ìjàyè tàbí ti ogun Kírìjí, tí kò ní kan ìwé ọkùnrin kan. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ìtàn ń yá nínú rẹ̀, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń yá nínú rẹ̀, àwọn lọ́yà tó ń ṣẹjọ́ oyè náà sì máa ń gbé e dání lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ìwé ọ̀hún má dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tún kéré sí i. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Samuel Johnson ni orúkọ ọkùnrin náà. The History of the Yorubas ni ìwé rẹ̀ ń jẹ́, ó sì lé ní 600 ojú ìwé.

Wọ́n bí Johnson ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1846, ní Hastings, abúlé kan tí kò jìnnà sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró tí wọ́n ń pè ní Sierra Leone. Bàbá rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Ogun ló sọ ọ́ di ẹrú, wọ́n tà á, kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń dọdẹ àwọn olówò ẹrú tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró bíi ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá mìíràn. Ibẹ̀ ló ti gba ìgbàgbọ́, ibẹ̀ ló sì ti di Johnson. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò kéré rárá: Henry àti Nathaniel di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, Obadiah di dókítà ìṣègùn. Ẹ fi orúkọ Obadiah yìí sọ́kàn o, nítorí bí kì í bá ṣe tirẹ̀, a ò bá má mọ Samuel.

Ní ìparí ọdún 1857, David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, wá olùrànlọ́wọ́ ní Sàró fún iṣẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn. Erúgúnjìnmí gbà láti bá a lọ, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1858. Samuel ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ni. Kúdẹtì ni wọ́n fi wọ́n sí, níbi tí Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé sí.

Ìbàdàn tí ọmọ náà bá kì í ṣe ìlú ìsinmi. Jagunjagun ló ń ṣèlú. Ìbíkúnlé ni Balógun, Ògúnmọ́lá ń bẹ níbẹ̀, kò sì tí ì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n dé tí ogun Ìjàyè fi bẹ́. Ìbàdàn dojú kọ Kúrunmí, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ni ọ̀nà etí òkun bá dí pa. Owó kò wọlé mọ́ fún àwọn míṣọ́nnárì, lẹ́tà kò wọlé, oúnjẹ wọ́n. Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹrù ilé láti fi bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1862 ni Ìjàyè fọ́, Johnson sì ti tó ẹni tó lè rántí ohun tó rí. Nígbà tó kọ ìtàn ogun yẹn lẹ́yìn náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ròyìn fún un ló ń kọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, ká wo ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ fún ọmọ tó fẹ́ mọ̀wé láyé ìgbà yẹn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́yìn tí ìjọba Róòmù ti ìwọ̀ oòrùn dojú dé ní 476, àkókò kan wá tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń pè ní sànmánì agbedeméjì. Ó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Láàárín àkókò yẹn, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni kálàmù wà. Ọba tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Àlùfáà ni yóò bá a kọ lẹ́tà, àlùfáà ni yóò bá a ka èsì. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún akọ̀wé, clerk, inú orúkọ tí wọ́n ń pe àlùfáà ló ti jáde. Nínú ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn èèyàn tó ti fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ da ìwé kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìwé àwọn Róòmù tí wọn kì í ṣe Kristẹni. Ilé ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú náà wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Paris àti Oxford, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló kún ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì yẹn, Bede, tó gbé ní Jarrow ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó, ó béèrè lọ́wọ́ àgbà, ó kó lẹ́tà jọ, ó sì parí ìtàn àwọn èèyàn rẹ̀ ní 731. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè fò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀: ojú ṣọ́ọ̀ṣì ni Bede fi wo gbogbo rẹ̀. Ọba tó gba ìgbàgbọ́ níyì lójú rẹ̀, èyí tí kò gbà á ń jẹ ìyà nínú ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Bede jọ èyí gan-an. Kì í ṣe pé a kò ní àwọn onímọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ń gbé ìtàn ọba sínú orí, àwọn babaláwo ń gbé odù, àwọn ààfáà Mùsùlùmí sì ti ń fi Lárúbáwá kọ̀wé kí míṣọ́nnárì kankan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi a-b-d kọ ní èdè Yorùbá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá. Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ọdún yẹn kan náà ni CMS dá Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó. Bíbélì Yorùbá lódindi jáde ní 1884. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbà wọlé, bí ó bá sì wọlé tán, yóò bá àwọn òfin ilé níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Johnson gbà. Ní 1863, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí CMS fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó bá wọ mọ́tò lónìí ní Pleasure, ní Alímọ̀ṣọ́, tó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ, bí kò bá sí súnkẹrẹ fàkẹrẹ, yóò débẹ̀ kí oòrùn tó kanrí. Ní tiwọn, ẹsẹ̀ ni, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá sì ń bára wọn jà lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn láàárín ìlú méjèèjì fi ń wẹ̀yìn. Ọmọ Jámánì mìíràn, Gottlieb Bühler, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọkùnrin yìí kò gbà pé Bíbélì àti orin nìkan ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọ dúdú mọ̀. Ó kọ́ wọn ní ìtàn ayé, ìtàn Gíríìkì àti Róòmù pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ yìí ló padà gún Johnson ní kẹ́ṣẹ́. Ó rí i pé ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ ogun Róòmù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ilẹ̀ baba rẹ̀, kò ní lè sọ nǹkan kan. Ó ka èyí sí ẹ̀gàn, ó sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1866 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà n'Íbàdàn. Nígbà tó máa di 1869, àwọn Hinderer ti padà sílé, ìjọ Ìbàdàn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, Daniel Olúbí ni aṣáájú wọn. Johnson di katikíìsì ní Arẹ̀mọ ní 1875, ó di díákónì ní 1880. Iṣẹ́ tí CMS ń béèrè lọ́wọ́ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwàásù nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ojú wọn ń rí, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí London. Ohun tí àwọn ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún ń wá ni iye ẹni tó yí padà àti iye ẹni tó ṣèrìbọmi. Ohun tí Johnson ń kọ ju ìyẹn lọ. Ìjà àwọn ìjòyè, ọjà, àjàkálẹ̀ àrùn, ẹjọ́ ẹrú, ọ̀rọ̀ tí àwọn abọ̀rìṣà bá a jà sí, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ìwé. Àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà nínú àkójọ ìwé CMS ní yunifásítì Birmingham, wọ́n sì fi hàn pé ọwọ́ ọkùnrin náà ti mọ́ iṣẹ́ òpìtàn kí ó tó pinnu láti kọ ìtàn.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní 1874. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Johnson wà n'Íbàdàn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó kọ ìwà ìkà tí wọ́n fi kan obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló kú sórí ìkúnlẹ̀, pé láti ìgbà náà ni inú rẹ̀ ti bàjẹ́ sí aboyún. Ó sì jẹ́ ká rí i pé Ààrẹ Látòósà ní ohun tirẹ̀ nínú tó fi fẹ́ kí obìnrin olówó yẹn lọ. Akọ̀wé ìjọ tó ń ka iye ọkàn tó yí padà kò ní kọ ọ́ báyìí.

Bó ṣe ń kó ìtàn jọ náà nìyí. Ti ayé àtijọ́, ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló lọ. Ti ayé tó súnmọ́, ó wá àwọn tó fojú rí i tàbí tó jagun níbẹ̀. David Kúkọ́mì, baba ńlá nínú ìjọ Ìbàdàn, dàgbà débi pé ó mọ ayé Aláàfin Abíọ́dún. Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí àgbà òpìtàn, wà nínú àwọn tó bi léèrè, Mùsùlùmí sì ni Lágunjú. Johnson kò jẹ́ kí ẹ̀sìn dí òun lọ́wọ́ láti jókòó sẹ́bàá ẹni tó mọ ohun tí òun ń wá. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń lé e: àwọn àgbà ń kú lọ, bí wọ́n bá sì ti kú tán, kò sí ibi tí wọn yóò ti bu ú mọ́.

Ní 1877, ogun mìíràn tún bẹ́, èyí tó gùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti jà lọ. Nígbà tó yá, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé síwájú wọn, wọ́n sì pàdé Ìbàdàn lórí òkè lẹ́bàá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò ṣẹ́gun, wọn kò sì tú ká.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní wá ẹni tí yóò bá a kọ lẹ́tà sí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó pé kí wọ́n bá wọn dá sí i. Johnson ló gbé iṣẹ́ náà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, lórí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè pa á sí. Gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń lọ láàárín ọba méjì tó ń jà ní Yúróòpù àtijọ́, ohun méjì ni àlùfáà ní tí balógun kò ní: ó mọ̀wé, kò sì gbé ìbọn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kò so èso. Ní 1886, Gómìnà Alfred Moloney tún rán an jáde, òun àti Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Johnson kọjú sí bùdó Ìbàdàn, Phillips kọjú sí ti Èkìtìparapọ̀. Wọ́n bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tó sì di ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, wọ́n dáná sun bùdó méjèèjì, kálukú kọrí sílé. Ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà ṣì ń lọ títí di 1893, ṣùgbọ́n ibi tó le jù ti kọjá.

Ní àdúgbò bíi Pleasure lónìí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ẹ̀gbá ń gbé yàrá tó kọjú síra wọn nínú ilé kan, wọ́n ń pọn omi nínú kànga kan náà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé àwọn baba ńlá wọn yìnbọn fún ara wọn fún ọdún gbọọrọ lórí òkè kan. Èyí tó mọ̀ nínú wọn, bóyá tíṣà rẹ̀ ló sọ fún un, ọ̀dọ̀ Johnson ni tíṣà ti rí i.

Lẹ́yìn àlàáfíà yẹn, ìjọ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di àlùfáà pátápátá ní 1888. Ọ̀yọ́ ló wà títí tó fi kú. Fún òpìtàn, ibi tó dára jù lọ nìyẹn, nítorí pé ààfin àti àwọn arọ́kin wà nítòsí. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Gómìnà Carter wá ṣe àdéhùn pẹ̀lú Aláàfin ní 1893. Ibẹ̀ ló sì wà ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà tí Ọ̀gágun Bower, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba l'Íbàdàn, yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́. Ọkùnrin tó ti rìn kiri nítorí kí òyìnbó lè bá wọn parí ogun ló wá rí i bí òyìnbó kan náà ṣe ń dá iná sí ìlú baba rẹ̀. Ní 1897, ó parí ìwé rẹ̀.

Irú ìwé wo ni? Apá kìíní sọ nípa èdè, orúkọ, oríkì, ìgbéyàwó, ìsìnkú, òfin ilẹ̀ àti bí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe tò, láti orí Ọ̀yọ́ Mèsì dórí àwọn ìlàrí. Apá kejì sọ ìtàn láti ayé Odùduwà títí dé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso. Àlùfáà tó ń wàásù pé kí wọ́n fi òrìṣà sílẹ̀ ni ó fara balẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe ń bọ Ṣàngó, bí egúngún ṣe ń jáde àti bí Ifá ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀sín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fara mọ́ ọn.

Síbẹ̀, jígí ṣọ́ọ̀ṣì wà lójú rẹ̀ bó ṣe wà lójú Bede. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, àwọn kan ń sọ pé Mẹ́kà ni. Johnson kò gbà. Ó ní apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni wọ́n ti wá, ó tilẹ̀ rò pé àwọn baba ńlá wa ti jẹ́ Kristẹni nígbà kan, tàbí pé wọ́n ti gbọ́ nípa ẹ̀sìn náà kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀. Nínú ìtàn Mọrèmi tó fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, òjìji ìtàn Jésù ló ń rí. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí, àwọn onímọ̀ òde òní kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá kò ṣòroó mọ̀. Ìjọ ti kọ́ ọ pé ìran tó bá fẹ́ níyì gbọ́dọ̀ ní àyè nínú ìtàn Bíbélì, òun náà sì wá àyè fún ìran tirẹ̀. Àwọn mọ́ńkì Yúróòpù ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n ń tọ ìran àwọn ọba wọn lọ bá àwọn ọmọ Nóà. Ní ìparí ìwé, ó gbà á ládùúrà pé kí ìjà ẹ̀yà dópin, kí ìgbàgbọ́ Kristẹni sì borí ẹ̀sìn yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá. Lágunjú, ká ní ó ka ibẹ̀ yẹn, kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

Àléébù kejì kò kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn ló tọ́ ọ dàgbà. Nínú ìwé rẹ̀, Ọ̀yọ́ ni orí, ìlú yòókù ni apá àti ẹsẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kì í sábà rí ojúure níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti bínú sí i láti ìgbà tó ti jáde. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé lẹ́yìn, bíi Sàbúrì Bíòbákú àti J.F. Adé Àjàyí, tún ọ̀pọ̀ ibẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì ṣàtúnṣe níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tún ṣe ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi rí i tún ṣe.

Ó sì kù díẹ̀ kó má wà nílẹ̀. Ní 1899, wọ́n kó ìwé àfọwọ́kọ náà, iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún, wọ́n fi rán ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ńlá kan sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ lókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dà ìwé. Ní 1900, Dókítà Obadiah ní ìdí tó fi lọ sí Ìlú Òyìnbó, ló bá yà sọ́dọ̀ atẹ̀wé náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé ìwé ti ṣèèṣì sọnù láàárín ẹrù wọn, wọn kò rí i, àwọn sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó ìtàn odindi ìran! Obadiah fura pé ọ̀rọ̀ náà ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ, ó sì kọ ìfura rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni àlùfáà Ọ̀yọ́ ní láti fi ìwé dé London. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1901, Samuel Johnson kú. Kò tí ì pé ẹni ọdún 55. Ó kú pẹ̀lú ìmọ̀ pé ohun tí òun fi ayé òun ṣe ti ṣègbé.

Àmọ́ ó fi àwọn ìwé pélébé-pélébé tó kọ́kọ́ kọ nǹkan sí sílẹ̀, ó pọ̀ gan-an, títí kan àwọn ojú ìwé tó ti kọ́kọ́ kọ kó tó tún un kọ dáadáa. Obadiah gbà láti fi wọ́n tún ìtàn náà kọ látòkèdélẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà ni, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí àkọ́kọ́ sì ti kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó dojú kọ ọ́ gidi. Nígbà tó parí, ó fi í ránṣẹ́ ní 1916, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó lẹ́tà lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Appam.

Ogun àgbáyé kìíní ló ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Möwe dá Appam dúró lójú òkun ní oṣù kìn-ín-ní, ó gbà á, gómìnà Sàró sì wà nínú àwọn tí wọ́n mú. Àwọn Jámánì tu ọkọ̀ náà gba orí Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, tí kò tí ì wọ ogun nígbà yẹn. Ẹjọ́ ta ló ni ọkọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ kò sì wáyé títí di 1917. Nínú gbogbo ìyẹn, ìtàn Ọ̀yọ́, Ìjàyè àti Kírìjí wà nínú àpò lẹ́tà kan. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó dé ọwọ́ atẹ̀wé ní London. Nígbà tó débẹ̀, bébà ti wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù kí ogun parí.

Ìwé náà jáde ní 1921. Dókítà Obadiah Johnson ti kú ní 1920. Kò sí ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjèèjì tó fojú rí i lórí bébà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un tẹ̀, ilé ìtàwé CMS l'Ékòó sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rà á nígbà kan rí. Èyí tí Samuel fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1899, ẹnikẹ́ni kò tí ì kéde pé òun rí i.